Àwọ̀ Decaf Ń Parọ́ fún Ẹni Tó Ń Yan Kọfí

Ẹ da ẹ̀kúnwọ́ kọfí decaf (ìyẹn kọfí tí wọ́n ti yọ kafíìnì, èròjà tó ń lé oorun, kúrò nínú rẹ̀) tí wọn ò tíì yan sórí bébà funfun, kí ẹ da ẹ̀kúnwọ́ kọfí lásán sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kọfí lásán yẹn, ìbáà ṣe oríṣi Arabica orí òkè Mambilla tàbí Robusta tó wá láti ìhà Kábà, á ní àwọ̀ ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbẹ. Decaf á rí bí ohun tí ẹnì kan ti gbé kaná, tó tún sọ̀ kalẹ̀: ó ṣe búráùn bí awọ ẹ̀pà, nígbà míì bíi gbódó. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní wọ́n ti yan án dé ìdajì. Wọn ò yan án rárá.

Ibẹ̀ ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti ń yan kọfí fún ọdún kan ti kọ́ ojú rẹ̀ dáadáa: àwọ̀ ewé á di yẹ́lò, yẹ́lò á di àwọ̀ búrẹ́dì, á wá di búráùn kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Decaf ò ní tẹ̀lé ìlà yẹn. Àárín ọ̀nà ló ti gbéra, ó sì máa ń dúdú lójú ju bó ṣe jinná nínú lọ. Bí ẹ bá fi àwọ̀ nìkan dájọ́, ẹ ó máa kó o kúrò lórí iná kó tó jinná, ẹ ó sì máa rò pé ẹ ti pẹ́ jù. Ní Ìkòròdú níbí, ohun tí oníbàárà kọ́kọ́ máa ń sọ tó bá tú ọ̀rá decaf ni pé, "Ẹ ti jó kọfí yìí o." Lọ́pọ̀ ìgbà, kò jó. Ìgbà míì sì wà tó jó lóòótọ́, torí pé ẹni tó yan án ò gbọ́ nígbà tó ń ta bíi gúgúrú lórí iná.

Ohun tó sọ ọ́ di búráùn

Kí wọ́n tó yan kọfí ni wọ́n ti ń yọ kafíìnì rẹ̀. Iná kì í yọ ọ́. Àwọn tó ń sọ pé kọfí tí a yan tó dúdú kirikiri ò ní kafíìnì mọ́, àṣìṣe ni. Bó ṣe wà nínú hóró ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe wà lẹ́yìn tí a bá yan án tán. Arabica máa ń ní bíi 1.2 nínú ọgọ́rùn-ún, Robusta bíi 2.2, ilé-iṣẹ́ nìkan ló sì lè yọ ọ́.

Hóró kọfí gbígbẹ le bí òkúta. Omi inú rẹ̀ ò ju bíi 10 sí 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, nǹkan kan ò sì lè rọrùn jáde nínú rẹ̀ bó ṣe wà yẹn. Nítorí náà, ọ̀nà yòówù kí ilé-iṣẹ́ gbà, wọ́n ní láti fi oru omi tàbí omi gbígbóná mú hóró wú kí inú rẹ̀ lè ṣí. Lẹ́yìn náà ni kafíìnì máa jáde. Tó bá jáde tán, wọ́n á tún mú hóró gbẹ padà sí bó ṣe wà.

Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń ṣe èlùbọ́ ti mọ èyí tó kù. Isu funfun ni a bẹ, a bọ̀ ọ́ nínú omi tó gbóná ṣùgbọ́n tí kò hó, ó sùn síbẹ̀ mọ́jú, a sá a sóòrùn. Nígbà tó máa fi gbẹ, ó ti di gbódó. Ẹnikẹ́ni ò yan án, síbẹ̀ kò funfun mọ́. Omi, ooru àti afẹ́fẹ́ ló pa á láwọ̀ dà, ohun tó sì jọ ọ́ ló ṣẹlẹ̀ sí decaf kó tó wọ àpò.

Omi yẹn ò sì mú kafíìnì nìkan lọ. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó máa ń bo hóró kọfí, tó dà bí awọ pupa ara ẹ̀pà, fẹ́rẹ̀ẹ́ bó tán níbẹ̀. Díẹ̀ nínú ṣúgà hóró bá a lọ. Ògiri inú hóró náà rọ̀, kò le bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ di ọ̀rọ̀ ògiri yìí mú, torí òun ló fa èyí tó pọ̀ jù nínú ìwà tí decaf ń hù nínú ẹ̀rọ.

Ará Jámánì kan, Friedlieb Ferdinand Runge, ló kọ́kọ́ ya kafíìnì sọ́tọ̀ lára kọfí ní 1819. Ludwig Roselius ti ìlú Bremen ló sọ decaf di òwò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ benzene ni wọ́n fi ń yọ kafíìnì nígbà náà. A ti wá mọ̀ pé ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ, wọ́n sì ti pa á tì. Lónìí, àwọn kan ń lo kẹ́míkà míì, dichloromethane. Ní Kòlóḿbíà, ethyl acetate tí wọ́n ṣe láti ara ìrèké ni wọ́n ń lò, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń kọ sugarcane sára àpò rẹ̀. Swiss Water, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní British Columbia ní Kánádà, ń lo omi àti èédú. Omi tó ti kún fún gbogbo ohun tó ń yọ́ láti ara kọfí, àyàfi kafíìnì, ni wọ́n ń rẹ hóró sí. Kò sí àyè fún nǹkan míì mọ́ nínú omi yẹn, kafíìnì nìkan ló máa rí ibi sá sí, èédú á sì gbà á lára omi náà. Ní Mẹ́síkò náà, wọ́n ń fi omi ṣe é. Ọ̀nà tó kù ni ti Kurt Zosel, tó rí i ní Jámánì ní 1967 pé carbon dioxide lè fa kafíìnì jáde lára kọfí tí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidigidi tó sì lọ́ wọ́ọ́wọ́ kọjá 31°C.

Kí ló kan ẹni tó ń yan án nínú gbogbo èyí? Àwọ̀. Èyí tí wọ́n fi omi ṣe ló sábà máa ń dúdú jù. Ti carbon dioxide ló máa ń jọ kọfí lásán jù, ó ṣì máa ń ní ewé díẹ̀ lára. Ti ìrèké máa ń wà láàárín. Ẹ bi ẹni tó tà á fún yín nípa ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é, kí ẹ kọ ọ́ sára àpò pẹ̀lú bírò. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kó mú oríṣi kan ṣoṣo, kó má sì yí i padà títí á fi yan án tó ìgbà mẹ́wàá. Ẹni tó ń fò láti ti omi sí ti ìrèké lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ò ní mọ èyí tó jẹ́ àṣìṣe tirẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ ìwà hóró.

Fún àwọn tí ẹ̀rù kẹ́míkà ń bà: dichloromethane ń hó ní bíi 40°C, ethyl acetate ní 77°C, kọfí tí a sì ń yan ń dé 200°C tàbí kó kọjá bẹ́ẹ̀. Ìyókù dichloromethane tí òfin Amẹ́ríkà gbà láyè nínú kọfí tí a ti yan ò ju ìpín 10 nínú mílíọ̀nù kan lọ.

Bébà funfun tí ẹ da hóró sí lẹ́ẹ̀kan ṣì níṣẹ́ kan láti ṣe, ìyẹn ṣíṣà. Nínú kọfí lásán, hóró tó ti kan, tó pọ́n tàbí tó ṣì, máa ń hàn kedere láàárín àwọn aláwọ̀ ewé. Nínú decaf, gbogbo wọn ti jọ ara wọn. Ẹ má wá àwọ̀; ihò kòkòrò, hóró tó fọ́ àti èyí tó dúdú bí èédú látòkè délẹ̀ ni kí ẹ máa wá, kí ẹ sì gbóòórùn ẹ̀kúnwọ́ kọ̀ọ̀kan. Òórùn páálí tàbí ti àpò sàká gbígbẹ kò burú. Bó bá rùn bí ògì tó kan jù, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Ọ̀sà ò jìnnà

Láti Ẹbúté dé Ìjẹdé, afẹ́fẹ́ Ìkòròdú máa ń gbé omi, pàápàá nígbà òjò. Hóró kọfí lásán ṣì ní awọ díẹ̀ lára, inú rẹ̀ sì dì. Decaf wà níhòòhò. Ó ń yára fa omi, ó ń yára fa òórùn, ó sì tún ń yára gbẹ tí ọyẹ́ bá dé. Àpò sàká nìkan ò tó o. Ọ̀rá tó nípọn tí afẹ́fẹ́ ò lè gba inú rẹ̀ kọjá ni kí ẹ fi tẹ́ inú àpò, kí ẹ fún ẹnu rẹ̀ pa, kí ẹ gbé e lé pákó, kó má kan sìmẹ́ńtì. Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí edé, ẹja gbígbẹ, àlùbọ́sà àti kánfọ̀. Ìyàrá kan náà tí wọ́n ń kó ẹja yíyan sí ò yẹ ẹ́ rárá, bó ti wù kí ìyàrá náà mọ́ tó.

Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ tó ń wọn omi inú hóró lè fi òṣùwọ̀n lásán mọ bí ilé ìkẹ́rù rẹ̀ ṣe rí. Lọ́jọ́ tí àpò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ wọn gírámù 100 sínú àwo pẹrẹsẹ, kí ẹ gbé e síbi tí àpò máa wà, kí ẹ má bò ó. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ tún un wọ̀n. Bó bá ti di 102, gírámù 2 omi ló ti fà, hóró tó yẹ kó ní omi 11 nínú ọgọ́rùn-ún sì ti sún mọ́ 13. Irú èyí máa pẹ́ kó tó gbóná nínú ẹ̀rọ, ó sì lè hu. Bó bá di 98, ó ti gbẹ jù, yóò sì sáré lórí iná. Ohun tí a ń fẹ́ ni kó má kúrò ní 100 ju ìdajì gírámù lọ. Decaf àìyan kì í sì í ṣe ohun tí a ń kó pamọ́ fún ọdún kan. Ẹ ra èyí tí ẹ lè yan tán láàárín oṣù díẹ̀.

Kílò kan, láti ìgbà tí a dà á sínú ẹ̀rọ

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀rọ onígáàsì tó ń gba kílò kan ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ ń yí, tí tẹmómítà rẹ̀ sì wọ àárín hóró. Tẹmómítà ẹ̀rọ kan lè fi 5 tàbí 10 yàtọ̀ sí ti òmíràn, torí náà, ẹ má ka àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí sí òfin. Ẹ fi kọfí lásán tí ẹ ti mọ̀ dájú ṣe òṣùwọ̀n, kí ẹ wá fi ìyàtọ̀ tí mò ń sọ sí i.

Bó bá jẹ́ 195°C ni ẹ máa ń da kọfí lásán sínú dúrọ́ọ̀mù, ẹ da decaf ní 180°C. Ògiri rẹ̀ ti rọ̀, kò sì ki bíi ti kọfí lásán. Iná tó pọ̀ jù ní ìbẹ̀rẹ̀ á jó ẹ̀yìn rẹ̀ kí àárín rẹ̀ tó mọ̀ pé iná wà. Nọ́ńbà tẹmómítà á já wálẹ̀, á dúró, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún àkọ́kọ́, kò sí ohun tí ojú lè sọ fún yín. Níbi tí kọfí lásán ti ń di yẹ́lò, nǹkan bíi 150°C, decaf á kàn kúrò ní búráùn tó ṣá, á di búráùn tó pọ́n díẹ̀. Imú ni kí ẹ lò. Òórùn koríko tí a máa ń gbọ́ lára kọfí lásán kì í fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀. Òórùn rẹ̀ á jọ ti àgbàdo tí a bọ̀, lẹ́yìn náà á wá jọ ti búrẹ́dì. Ìgbà tí ti búrẹ́dì bá dé ni kí ẹ kọ aago sílẹ̀.

Ìyàngbò náà ò ní sọ nǹkan kan. Nínú kọfí lásán, tí awọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fò wọ inú àgbá ìyàngbò, ẹ mọ ibi tí ẹ dé. Decaf ti bọ́ awọ rẹ̀ sọ́hùn-ún tipẹ́. Àgbá yẹn lè fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo tí kílò kan bá fi tán. (Àǹfààní kan nìyẹn ṣá: iná kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn nínú rẹ̀.)

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dín gáàsì kù ṣáájú ìgbà tí ẹ máa ń dín in fún kọfí lásán, nǹkan bíi 160°C, ní díẹ̀díẹ̀. Decaf máa ń sáré lápá ìparí. Bí nọ́ńbà bá ṣì ń fò sókè ní 12 tàbí 13 láàárín ìṣẹ́jú kan nígbà tó dé 185°C, ó ti bọ́ lọ́wọ́ yín. Ìwọ̀n 7 sí 9 láàárín ìṣẹ́jú kan dára.

Ó kan ìró báyìí, èyí tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ń pè ní first crack. Nínú kọfí lásán, omi inú hóró di oru, ògiri líle há a mọ́, ó tẹ̀ ẹ́ títí ó fi ta pà! Gbogbo ilé á gbọ́ ọ bí gúgúrú. Ògiri decaf ò lágbára láti há oru mọ́ tó bẹ́ẹ̀, oru ń rí ibi yọ́ jáde. Ìró rẹ̀ dà bí ìgbà tí ẹnì kan ń ṣẹ́ ẹyọ ìgbálẹ̀ gbígbẹ lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ìyàrá kejì. Ó tún máa ń yá ju ti kọfí lásán lọ: bí ti kọfí lásán bá ń ta ní 198°C lórí ẹ̀rọ yín, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dẹtí sí decaf láti 188.

Ẹ pa rédíò. Ẹ pa fáànù àwo ìtutù, kò níṣẹ́ kankan ní àkókò yẹn. Bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ń ké, ẹ má gbára lé etí rárá. Láti 185°C, ẹ máa fa ṣíbí ìyọwò jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá 15-15, kí ẹ gbé e sún mọ́ etí, lẹ́yìn náà imú. Tí òórùn búrẹ́dì yẹn bá yí padà lójijì, tó wá ń ta nímú díẹ̀ bí ohun tó fẹ́ kan, tí hóró inú ṣíbí sì ti wú, tí ìlà àárín rẹ̀ ti là, ó ti dé ibẹ̀, ìbáà ṣe pé ẹ gbọ́ ìró méjì péré tàbí ẹ ò gbọ́ rárá. Ẹ kọ aago sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Láti ibẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá 60 sí 80 tó fún kọfí tí a máa sè bíi tíì. Fún ẹ̀rọ espresso, èyí tó ń ṣe kọfí kíki, ẹ lè jẹ́ kó dé 90. Nọ́ńbà á wà ní bíi 203 sí 207 nígbà tí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ má dúró de ìró kejì, torí kì í jìnnà sí èkíní nínú decaf. Ẹni tí kò gbọ́ èkíní lè gbọ́ èkejì kó rò pé èkíní ni. Àṣìṣe yìí ló ń ba decaf jẹ́ jù lọ. Aago ló máa gbà yín: bí ìró tí ẹ gbọ́ bá yára, tó kéré, tó ń dún fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ bí iyọ̀ tó bọ́ sínú iná, tí nọ́ńbà sì ti kọjá 215, èkejì nìyẹn. Ẹ kó o jáde kíá.

Ẹ jẹ́ kó tutù láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin. Hóró tó ṣì gbóná nínú ń yan ara rẹ̀ lọ.

Ó sì tún ku NEPA. Mọ́tò ló ń yí dúrọ́ọ̀mù. Bí iná bá lọ, dúrọ́ọ̀mù á dúró, hóró tó wà nísàlẹ̀ á lẹ̀ mọ́ irin gbígbóná, láàárín ìṣẹ́jú kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ti jó. Ara decaf kì í gba ìyà yìí. Mọ́tò dúrọ́ọ̀mù àti fáànù ìtutù ò jẹ iná púpọ̀, inverter kékeré lè gbé wọn. Ẹ so wọ́n mọ́ ọn kí ẹ tó da ohunkóhun sínú ẹ̀rọ. Bí ẹ ò bá ní in, tí iná sì lọ, ẹ pa gáàsì lójú ẹsẹ̀, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ fi ọwọ́ yí dúrọ́ọ̀mù kí gbogbo rẹ̀ dà jáde sórí àwo. Bó bá jẹ́ pé kò tíì ta rárá, ẹ má dá a padà sórí iná lẹ́yìn tí wọ́n bá mú iná dé. Kọfí tí a yan lẹ́ẹ̀mejì máa ń ní adùn páálí, kò sì sí oníbàárà tó yẹ ká tà á fún.

Bí a ṣe ń mọ̀ pé ó jinná

Òṣùwọ̀n kọ́kọ́. Kílò kan, tí a yan dé àárín, máa ń di gírámù 850 sí 870. Bó bá ṣì jẹ́ 890, ó ṣeé ṣe kó má tíì jinná, bó ti wù kó dúdú tó lójú. Bó bá ti di 820, ó ti kọjá. Ọ̀rọ̀ omi tí mo sọ lókè wọ ibí yìí: hóró tó ti fa omi ọ̀sà á pàdánù ju bẹ́ẹ̀ lọ láìjẹ́ pé ó jinná sí i, torí náà ẹ fi tó ara yín létí bí àwo gírámù 100 yẹn ṣe rí lọ́sẹ̀ náà.

Lẹ́yìn náà, ìyẹ̀fun. Ẹ lọ gírámù 10 decaf, ẹ lọ gírámù 10 kọfí lásán tí ẹ mọ̀ pé ó jinná dáadáa, pẹ̀lú ẹ̀rọ kan náà, kó kúnná bákan náà. Ẹ dà wọ́n sórí bébà funfun ní òkìtì méjì, ẹ fi ìdí ife tẹ̀ wọ́n pẹrẹsẹ kí etí wọn kan ara wọn. Ẹ gbé e sábẹ́ ojú ọ̀run, kì í ṣe abẹ́ gílóòbù yẹ́lò. Ohun tí ẹ máa rí lè yà yín lẹ́nu: hóró méjì tí ọ̀kan dúdú ju èkejì lọ gan-an lè ní ìyẹ̀fun tó jọra débi pé ẹ ò ní rí ìlà tó pín wọn. Ìyẹn ni pé decaf yín jinná gẹ́gẹ́ bíi ti kọfí lásán yẹn. Bí ìyẹ̀fun decaf bá pọ́n ju èkejì lọ, inú rẹ̀ ò jinná, èèpo ẹ̀yìn nìkan ló tàn yín. Àwọn tó ní ẹ̀rọ tó ń ka àwọ̀ náà, ìyẹ̀fun ni kí wọ́n máa gbé sí i, kì í ṣe odidi hóró.

Ẹ wo ìlà àárín hóró náà. Nínú kọfí lásán tí a yan dé àárín, ìyókù awọ máa ń wà nínú ìlà yẹn, á funfun díẹ̀ bí okùn tín-ín-rín. Nínú decaf, ìlà náà dúdú bí ara yòókù. Ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí tí wọ́n tà fún un lọ́jà lè fi èyí yẹ̀ ẹ́ wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ẹ̀rí tó dájú.

Bó bá lọ sẹ́nu tí kò dáa, ohun tí ahọ́n gbọ́ á sọ ibi tí àṣìṣe wà. Tó bá kan, tó tún ń rùn bí ewé tútù, tí hóró sì dúdú: iná ìbẹ̀rẹ̀ ló pọ̀ jù. Ẹ fi 10 dín ooru tí ẹ fi da hóró sínú ẹ̀rọ kù, ẹ jẹ́ kó lo ìṣẹ́jú kan sí i kó tó ta. Tó bá tẹ́ lẹ́nu, tí kò ní adùn, tí kò ní kíkan, bí ìgbà tí èèyàn ń jẹ búrẹ́dì àná: ẹ̀rù iná ló bà yín, gáàsì kéré jù, ó pẹ́ jù lórí iná. Kò yẹ kí gbogbo rẹ̀ ju bíi ìṣẹ́jú 11 lọ. Àwọn tó ti ka pé decaf ẹlẹgẹ́ ni ló sábà máa ń ṣe èyí, mo sì rò pé ó burú ju kó jó díẹ̀ lọ. Tó bá korò bí eérú, ìró kejì ló kọjá yín.

Òróró

Kọfí lásán tí a yan dé àárín kì í yọ òróró. Ó dìgbà tó bá dé ìró kejì. Decaf tí a yan dé ibì kan náà lè máa dán lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, ẹ ó rí òróró kín-ín-kín-ín lára rẹ̀ bí òógùn. Ògiri tó rọ̀ yẹn náà ni: kò lè di òróró mú. Kò túmọ̀ sí pé ó jó tàbí pé ó ti pẹ́. Ṣùgbọ́n òróró tó ti yọ síta ti bá afẹ́fẹ́ pàdé, kò sì ní pẹ́ tí á fi máa rùn bí ẹ̀pà tó ti pẹ́ nínú ìgò. Kọfí lásán lè dùn fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ẹ sọ fún oníbàárà decaf pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò sì ní láti sinmi pẹ́: ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tó, torí atẹ́gùn inú rẹ̀ ń yára jáde. Ẹ yan án díẹ̀díẹ̀. Kílò méjì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sàn ju kílò mẹ́jọ lóṣù lọ.

Ẹni tó fẹ́ yan án nínú agbada nílé, gírámù 250 ni kó mú, kó má jẹ́ kó ju ìpele méjì lọ nínú agbada irin, kó máa fi orógùn rò ó láìdúró bí ẹni ń yan gàárì. Iná àárín, ìṣẹ́jú 12 sí 14. Kò ní rí ìyàngbò fẹ́, kò sì ní gbọ́ ìró dáadáa; òórùn àti aago ló máa fi ṣe é. Kó sì lọ hóró kan wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 11, kó wo inú rẹ̀.

Àwọn kan fẹ́ ìdajì-ìdajì, decaf àti kọfí lásán nínú ọ̀rá kan. Ẹ yan wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ tó pò wọ́n. Bí ẹ bá da méjèèjì sínú dúrọ́ọ̀mù lẹ́ẹ̀kan náà, ìgbà tí ọ̀kan bá jinná, èkejì á ti kọjá tàbí kó má tíì dé.

Fún ẹni tí dókítà ní kó yé mu kafíìnì, ẹ̀rọ ìlọkọfí lewu ju ohun tí ń bẹ nínú decaf fúnra rẹ̀ lọ. Òfin àwọn orílẹ̀-èdè kan ní Yúróòpù ò gbà kí kafíìnì ju 0.1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú decaf tí a ti yan, ife kan kì í sábà ní ju mílígírámù díẹ̀ lọ, nígbà tí ife kọfí lásán ń sún mọ́ 100. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun tó kù sínú ẹ̀rọ láti ara kọfí tí ẹ lọ ṣáájú lè tó gírámù 2. Bó bá jẹ́ Arabica, mílígírámù 24 kafíìnì nìyẹn. Bó bá jẹ́ Robusta, 44. Ẹ ti da á sínú ife ẹni náà láìmọ̀. (Ẹni tó bá mu decaf tán tó wá ń jẹ obì àbàtà lé e lórí, òun àti oorun rẹ̀ ni, obì náà ní kafíìnì.) Bí ẹ ò bá ní ẹ̀rọ ìlọkọfí ọ̀tọ̀ fún decaf, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá inú èyí tí ẹ ní, ẹ lọ gírámù 10 decaf gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ dà á nù, kí ẹ tó lọ ti oníbàárà. Ẹ wo abẹ́ apá tó ń ro àwo ìtutù náà: hóró méjì mẹ́ta láti ara kọfí tí ẹ yan ṣáájú máa ń há síbẹ̀, àwọ̀ wọn ò sì ní jẹ́ kí ẹ tètè rí wọn.